Kóòṣì tó mú ọmọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ti lọ, wọ́n sì fẹ́ gé owó bọ́ọ̀lù rẹ̀ kù

ỌmọMọ́kọlá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo bá wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbá bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọdún kejì rẹ̀ rèé. Kóòṣì tó mú un wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ó ti ríṣẹ́ sí ilé-ìwé mìíràn. Kóòṣì tuntun dé ní oṣù Kejì. Ó pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún tiwa pé ilé-ìwé ti dín owó ikọ̀ kù, pé $9,000 tó ń gbà nítorí bọ́ọ̀lù yóò di $5,000 láti oṣù Kẹjọ.

Bí owó náà ṣe rí nìyí. Gbogbo ìnáwó ọdún kan jẹ́ $38,400. Ilé-ìwé ń fún un ní $14,000 nítorí máàkì, $9,000 nítorí bọ́ọ̀lù, àti $4,000 tí wọ́n kàn pè ní "grant". Ìdílé ló ń san $11,400 tó kù. Bí wọ́n bá gé e, ó di $15,400, apá ẹ̀gbọ́n mi ò sì ká a pẹ̀lú bí náírà ṣe wà yìí. Ṣé kóòṣì tuntun lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀? Kóòṣì àtijọ́ náà ń pè é pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Kí ni kó kọ́kọ́ ṣe?

Adúláwọ̀Atlanta
Kó tẹ̀lé kóòṣì àtijọ́ kíá. Ẹni tó mọ ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ lè ṣe ló lè náwó lé e lórí. Sikọ́láṣíìpù tí kóòṣì bá fúnni, tí kóòṣì bá ti lọ, ó ti bá a lọ náà nìyẹn. Sikọ́láṣíìpù méjìlá péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Ẹni tí kò bá sí nínú àwọn méjìlá yẹn, kó má fàkókò ṣòfò.

KóòṣìẸlẹ́sẹ̀Òsì
Ẹ̀gbọ́n Adúláwọ̀, ẹ má bínú, ohun méjì lẹ sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè ṣi ọmọ náà lọ́nà.

Kóòṣì kọ́ ló ni owó. Kóòṣì ń dábàá iye tó fẹ́ kí wọ́n fún agbábọ́ọ̀lù, ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ló ń kọ lẹ́tà, ilé-ìwé ló ń fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú lẹ́tà ọdún yìí kò bá kóòṣì kankan lọ. Èyí tó lè yí padà ni ti ọdún tó ń bọ̀, nítorí ọdún kan kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀kejì, méjìlá yẹn kì í ṣe orí ènìyàn méjìlá. Nínú NAIA, àjọ eré ìdárayá tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré wà, sikọ́láṣíìpù kíkún 12 ni òrùlé, iye tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá, fún bọ́ọ̀lù ọkùnrin. Nínú NCAA, àjọ ńlá kejì tó pín àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Division I, II àti III, 9 ni ti Division II. Àpapọ̀ iye owó ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí. Kóòṣì lè gé e wẹ́wẹ́ kó pín in fún ogójì ọmọ. Division III kò sì gbọdọ̀ fúnni ní kọ́bọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, ti máàkì àti ti àìní nìkan ni wọ́n ń san.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ ni pé òrùlé ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe iye tó di dandan kí wọ́n san. Ilé-ìwé tí ìnáwó rẹ̀ jẹ́ $38,400, tó bá fẹ́ kún 12 náà, yóò yọ $460,800 sílẹ̀ lọ́dún. Àwọn ilé-ìwé kékeré tó ń yọ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá jẹ́ 5 péré ni wọ́n gbé lé kóòṣì lọ́wọ́, $192,000 nìyẹn. Ẹ pín in sí ọ̀nà ogójì, $4,800 ló kan orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo $5,000 tí kóòṣì tuntun sọ. Ó jọ pé ṣe ló fẹ́ dọ́gba gbogbo ikọ̀, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ṣé NAIA ni ilé-ìwé náà wà àbí NCAA?

ÌyáDallas
Òfin wà fún èyí o. Kí ó tó di July 1, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọmọ láti sọ bóyá wọ́n máa tún owó bọ́ọ̀lù rẹ̀ san lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n máa dín in kù, tàbí wọn kò ní san án mọ́. Bí wọ́n bá dín in kù, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka eré ìdárayá. Kó béèrè fún un.

ỌmọMọ́kọlá
NAIA ni wọ́n wà, ẹ̀gbọ́n kóòṣì.

KóòṣìẸlẹ́sẹ̀Òsì
Ó ṣe mí láàánú, àǹtí, òfin NCAA lẹ ń sọ. Fún ọmọ Division II, ó tọ̀nà gẹ́lẹ́. NAIA fi púpọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí sọ́wọ́ ilé-ìwé. Nítorí náà, ibi méjì ni kó wò: lẹ́tà tó fọwọ́ sí, àti ìwé ìlànà akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá ti ilé-ìwé náà. Kó wá ọ̀rọ̀ tó ní í ṣe pẹ̀lú títún owó san àti ẹ̀bẹ̀ nínú wọn. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ àti ìṣirò ló kù, kì í ṣe òfin.

OlùṣíròOwó
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà, nítorí ibẹ̀ ni agbára ọmọ yìí wà.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré aládàáni, bọ́ọ̀lù kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì tó lè bọ́ ikọ̀. Owó ilé-ìwé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ń san ló ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ikọ̀ tó ní 50 tàbí 60 ọmọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọ pápá: ilé-ìwé ti fún kóòṣì ní iye orí tó gbọ́dọ̀ mú wá. Ọmọ yín ń san $11,400 wọlé lówó. Bí wọ́n bá gé $4,000 kúrò, tí ó sì torí ẹ̀ lọ, $4,000 ni wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́, $11,400 ló bọ́ lọ́wọ́ wọn, yàrá kan sì ṣófo. Kóòṣì lè má ronú bẹ́ẹ̀ torí àpò tirẹ̀ nìkan ló ń wò. Ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ àti ọ́fíìsì ìgbanisílé-ìwé ń ronú bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Nítorí náà kó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kó má kọ ọ́ sí kóòṣì. Ojú ìwé kan péré:
– iye tí ìdílé lè san lọ́dún, nọ́ńbà gan-an, kì í ṣe "a ń tiraka";
– bí owó dọ́là ṣe gòkè láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á wọlé, pẹ̀lú ìwé báńkì méjì, ti ìgbà náà àti ti ìsinsìnyí;
– èsì rẹ̀ títí di báyìí;
– iye tó ń béèrè: "$4,000 láti inú àpò mìíràn, kí àpapọ̀ má ṣe dín sí $27,000".

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá kàn ní "ẹ ràn mí lọ́wọ́" á gba $500 àti ọ̀rọ̀ ìtùnú.

Ohun kejì: kí ó tó pinnu pé òun dúró, ẹ lọ wo ìwé ikọ̀ náà fúnra yín. Láti òfin ọdún 1994, gbogbo ilé-ìwé tó ń gba owó akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, tó sì ní eré ìdárayá, ń fi ìròyìn owó eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní EADA ránṣẹ́ sí Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Ó wà lórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ilé-ìwé, ẹ wá bọ́ọ̀lù ọkùnrin. Ẹ mú iye agbábọ́ọ̀lù àti ìnáwó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ẹ fi èkínní pín èkejì, ẹ ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Ká ní $76,000 ni, tí ọmọ 38 wà: $2,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí owó náà kò bá kúrò lójú kan tí ọmọ di 52, ó ti di nǹkan bí $1,460. Ẹ máa rí i nínú ọkọ̀: bọ́ọ̀sì á di ọkọ̀ kékeré, kóòṣì gan-an á máa wakọ̀ wákàtí mẹ́fà, oúnjẹ ọ̀nà á di búrẹ́dì àti ẹran inú kúlà.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ máa rí i pé owó tó wọlé àti owó tó jáde bá ara wọn mu géérégé nínú ìròyìn ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Kò túmọ̀ sí pé ikọ̀ ń bọ́ ara rẹ̀; ilé-ìwé ló fi owó tirẹ̀ dí àlàfo. Ìnáwó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà kò sì ní owó oṣù kóòṣì tàbí sikọ́láṣíìpù nínú.

Aṣọ́lé99
Ohun kékeré kan tí ẹ ò tíì dárúkọ: fídíò. Àkáǹtì Hudl, ìkànnì tí wọ́n ń kó fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sí, ilé-ìwé tàbí kóòṣì ló ń sanwó rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ orúkọ ọmọ kúrò nínú ikọ̀, tàbí tí kóòṣì tuntun kò bá san án mọ́, gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ lè bá a lọ. Kó wọ ibẹ̀ lónìí, kó gba odidi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, kì í ṣe àwọn góòlù nìkan. Kóòṣì tó mọṣẹ́ fẹ́ rí ohun tí ó ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kó kọ nọ́ńbà aṣọ àti ìṣẹ́jú tó wọlé sí i.

Adúláwọ̀Atlanta
Mo gbà pé mo ṣi 12 yẹn kà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ kóòṣì àtijọ́. Ẹ wo ẹjọ́ House, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá pe NCAA nítorí owó, tí wọ́n parí ní oṣù Kẹfà 2025, ó ti da gbogbo owó kọ́lẹ́ẹ̀jì rú, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gé. Ẹni tó bá ní alágbàwí kan, kó dì í mú. Bí owó bá sì kù díẹ̀, kó gba work-study, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe gbowó.

KóòṣìẸlẹ́sẹ̀Òsì
Ẹjọ́ House, Division I ló dè. Ó mú òpin sikọ́láṣíìpù kúrò fún àwọn tó gbà á, ó fi òpin orí rọ́pò rẹ̀, 28 fún bọ́ọ̀lù ọkùnrin. Kò kan àpò NAIA tààrà. Ibi tó ti kan ọmọ yìí ni pé àwọn tí wọ́n yọ kúrò lókè ń sọ̀kalẹ̀ wá wá àyè ní Division II àti NAIA. Kóòṣì tuntun lè rí ọmọ ọdún 22 tó ti gbá bọ́ọ̀lù lókè, tó fẹ́ gba $5,000 yẹn láìjanpata.

Ní ti kóòṣì àtijọ́, mi ò ní kó má lọ. Kó béèrè nǹkan wọ̀nyí kó tó mira: Ṣé iṣẹ́ alákòókò kíkún ni ó gbà níbẹ̀, àbí ó tún ń ṣe kóòṣì ikọ̀ obìnrin tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì mìíràn mọ́ ọn? Mélòó ló ní lọ́wọ́ nínú 12 náà, kì í ṣe mélòó ni òfin gbà? Ta ni ó ń gbá ipò yẹn níbẹ̀ báyìí, ọdún mélòó ló kù fún un? Ìgbà wo ni lẹ́tà yóò jáde? Kóòṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi kan ń bá owó tí ẹni àná ti pín kalẹ̀ pàdé. Ó lè fẹ́ ọmọ yín tọkàntọkàn kó má sì ní ju $3,000 lọ́wọ́ títí àwọn ọmọ ọdún kẹrin yóò fi lọ. Ẹni tó bá sì kúrò ní ibì kan láàárín ọdún méjì lè tún kúrò ní ibòmíràn. Owó oṣù wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kéré, ṣíṣí ni wọ́n fi ń gòkè.

ÌwéFísà
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé síbí, nítorí ọmọ Nàìjíríà tó wà lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, kò lè ṣí bí ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ń ṣí.

Work-study kọ́kọ́. Owó ìjọba àpapọ̀ ni, ọmọ F-1 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni FAFSA àti Pell, ètò owó ìrànwọ́ ìjọba. Iṣẹ́ inú káńpùsì tí ilé-ìwé ń fi owó ara rẹ̀ san ló lè ṣe, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ.

Bọ́ọ̀lù kò sí nínú ohun tí F-1 ń wò. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú ikọ̀ lónìí, físà rẹ̀ kò bàjẹ́. Ohun tó ń ba á jẹ́ ni kí ìbínú mú un ju kíláàsì sílẹ̀ kó bọ́ sábẹ́ krẹ́díìtì 12. Fún NAIA gan-an, ó nílò krẹ́díìtì 24 nínú sẹ̀mẹ́sítà méjì tó ṣáájú kó tó lè wọ pápá. Nítorí náà kíláàsì tó jù sílẹ̀ nítorí kóòṣì yóò tẹ̀lé e dé ilé-ìwé tuntun.

Bí ó bá fẹ́ ṣí, bó ṣe ń lọ nìyí. Kó gba lẹ́tà ìgbàwọlé níbi tuntun ná. Kó mú un lọ bá DSO, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà ní ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè níbi tó wà, kí wọ́n jọ mú ọjọ́ tí wọ́n máa tú orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú SEVIS, àkọsílẹ̀ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ó lè yí ọkàn padà. Tí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ọwọ́ ilé-ìwé tuntun ló wà. Ilé-ìwé tuntun ló máa fún un ní I-20 mìíràn, ìwé ẹ̀rí tí físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé. Kíláàsì níbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá oṣù márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní san $350 SEVIS lẹ́ẹ̀kejì.

I-20 tuntun yẹn ń béèrè ẹ̀rí owó ọdún kan gbáko. Ìlérí kóòṣì lórí WhatsApp kò lè wọ inú rẹ̀. Lẹ́tà ilé-ìwé àti ìwé báńkì ìdílé ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ibí yìí ni ìlérí ẹnu ti ń tú.

Kó má sì jáde kúrò ní Amẹ́ríkà nínú gbogbo èyí, kódà kó jẹ́ fún ìgbéyàwó. Láti oṣù Keje 2025 ni físà tuntun fún ọmọ Nàìjíríà ti di ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan fún oṣù mẹ́ta. Láti January 1, 2026, wọ́n tún ti dá físà F dúró fún ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Benin tó wà lẹ́yìn odi tí kò bá ní físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àfi àwọn ìyọ̀ǹda díẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé kó jókòó sínú ilé.

ÌyáDallas
Ọlọ́run á fún yín ṣe, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo tún fẹ́ fi nǹkan mìíràn kún un. Bí wọ́n ti ń gé owó ikọ̀, ẹ yẹ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ wò. Limestone ní South Carolina àti St. Andrews ní North Carolina, àwọn méjèèjì ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìparí oṣù Kẹrin 2025 ni ìròyìn jáde, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn. Birmingham-Southern náà, ní oṣù Kẹta 2024 ni wọ́n kéde, ó sì parí ní May 31. Ìjọba àpapọ̀ ń fún ilé-ìwé aládàáni ní máàkì ìlera owó, láti -1.0 sí 3.0. Tí kò bá dé 1.5, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wò ó, kí ẹ sì wo ìkànnì àjọ tó fọwọ́ sí ilé-ìwé náà bóyá wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn nítorí owó.

OlùṣíròOwó
Òótọ́ ni, àǹtí, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù má mú wọn sáré. Máàkì yẹn máa ń pẹ́ lẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ilé-ìwé kan lè wà ní 1.3 kó tún gòkè. Àmì tó yá jù ni àwọn tó ń lọ: bí ọ̀gá eré ìdárayá, ọ̀gá ìgbanisílé-ìwé àti ọ̀gá owó bá fi ipò sílẹ̀ nínú ọdún kan náà, kó fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi méjì ní kíá. Kó má sì jẹ gbèsè níbẹ̀, nítorí ilé-ìwé kan lè di èsì mú nítorí $800.

Aṣọ́lé99
Iṣẹ́ RA ńkọ́? Tí ó bá di RA, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bójú tó àwọn yòókù nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́, ilé-ìwé máa ń gbé owó yàrá, àwọn mìíràn a fi oúnjẹ kún un. Èyí lè tóbi ju $4,000 tó ń dà wá láàmú lọ.

KóòṣìẸlẹ́sẹ̀Òsì
Ó dára, ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ RA máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, àkókò kan náà tí ikọ̀ ń ṣe ìgbaradì ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Kóòṣì tuntun kan kò ní fẹ́ gbọ́ ọ bí ọmọ kò bá tètè sọ. Kó lọ bá a báyìí, kó ní: "Ẹ ti dín $4,000 kù, mo fẹ́ fi RA dí i, ṣé ẹ lè bá ọ́fíìsì ilé gbígbé sọ̀rọ̀ kí n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà láàárọ̀?" Ọ̀pọ̀ kóòṣì á gbà, torí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Kó béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ bóyá owó yàrá RA yóò jẹ́ kí wọ́n yọ "grant" $4,000 yẹn. Ibì kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni tí wọ́n ń fi tòsì gbà á.

ỌmọMọ́kọlá
Mo dúpẹ́ gan-an. Ọmọ ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ti máàkì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yóò máa lọ fún ọdún mẹ́rin bí GPA bá wà ní 3.0, ó wà ní 3.4. Lórí $9,000, wọ́n kọ pé ti ọdún kan ni, àti pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ ikọ̀. Lórí "grant", wọn ò kọ nǹkan kan.

OlùṣíròOwó
$14,000 rẹ̀ wà láìséwu nìyẹn, kóòṣì kankan kò lè fọwọ́ kàn án, kódà bí ó bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nípa "grant", kó fi í-meèlì béèrè ìbéèrè kan péré: "Ṣé owó yìí so mọ́ ikọ̀ bọ́ọ̀lù?" Kó tọ́jú ìdáhùn náà. Bí wọ́n bá ní kò so mọ́ ọn, ibẹ̀ gan-an ni kó ti béèrè pé kí wọ́n sọ ọ́ di $8,000, nítorí àpò tó ṣeé fẹ̀ ni. Kó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ránṣẹ́ kó tó san owó ìdíwọ́lé yàrá fún oṣù Kẹjọ. Tí wọ́n bá ti rí i pé ó ti sanwó, wọ́n á gbà pé ó ti pinnu láti dúró, kò sì sí ẹni tí yóò yára dá a lóhùn mọ́.

ÌwéFísà
Kó sì sọ fún DSO nígbà kan náà pé iye owó lè yí padà. Bí $5,000 bá rọ́pò $9,000, owó tó wà lójú ìwé I-20 rẹ̀ kò bá òótọ́ mu mọ́, wọ́n ní láti tún un ṣe.